Epo inú ike rírọ̀: ọ̀rọ̀ lórí DEHP, àpò ẹ̀jẹ̀ àti ilé wa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá láti ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá kan béèrè ọ̀rọ̀ kan nípàdé wa tó kọjá, àyè ò sì gbà wá láti dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde, ó sì ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnì kan wá fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé májèlé wà nínú ike àpò ẹ̀jẹ̀, pé májèlé náà ń ba nǹkan ọkùnrin jẹ́. Ó ní, "Ṣé kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fún ọmọ mi lẹ́jẹ̀ mọ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọmọ gba ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe fídíò yẹn ò purọ́ tán. Kẹ́míkà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, àwọn ìjọba ńlá sì ti ṣòfin lé e lórí. Ohun tí kò sọ ni pé kẹ́míkà yìí kan náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú àpò náà pẹ́ láìbàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó lójú méjì báyìí ò ṣeé sọ tán nínú fídíò ìṣẹ́jú kan.

DEHP ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Ọ̀kan ni lára ìdílé kẹ́míkà tó ń jẹ́ phthalate. Bí ẹ bá rí i nínú ìgò, ẹ ó rò pé òróró tó mọ́ kedere ni: kò láwọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn, kì í sì í gbẹ. Phthalic anhydride àti ọtí kan tó ń jẹ́ 2-ethylhexanol ni wọ́n ń pò pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é. Kì í bá omi rẹ́, àmọ́ bó bá ti kan ọ̀rá tàbí epo, ńṣe ló ń yòrò sínú rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun ló máa ṣàlàyé ìdajì ohun tí mo bá wá.

Ike PVC fúnra rẹ̀ le. Paipu aláwọ̀ eérú tí àwọn púlọ́ńbà ń rì mọ́lẹ̀ nílé yín, PVC ni; ẹ gbìyànjú kí ẹ ká a bí okùn, á ṣẹ́ ni. Ní 1926, ọ̀gbẹ́ni Waldo Semon tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ B.F. Goodrich ní Amẹ́ríkà se PVC pọ̀ mọ́ àwọn olómi tí kì í tètè gbẹ, ó sì rí i pé ohun tó jáde rọ̀ bíi rọ́bà. Láti àwọn ọdún 1930 ni DEHP ti wọ iṣẹ́ yìí, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá láàárín àwọn epo tí wọ́n fi ń rọ PVC.

Ẹ wo awọ ẹran tó ti gbẹ, bó ṣe máa ń le gbagidi. Ẹ fi òrí pa á, ẹ rọra yá a nínú oòrùn, á rọ̀ débi tí ẹ lè ká a. Ṣùgbọ́n òrí yẹn ò di ara awọ. Ẹ gbé e lé aṣọ funfun, ẹ ó rí àbàwọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni DEHP ṣe wà nínú PVC. Ó wọ àárín àwọn mólékù ike náà, ó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn, kò sì sí ohun tó dè é mọ́bẹ̀. Nínú àpò ẹ̀jẹ̀, ó lè tó ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ike náà. Bí ohun ọlọ́ràá bá kan ike yẹn, tí ooru bá mú un, tàbí tí àkókò bá gùn, á máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Ibo ló wà nílé? Ó wà lára ìbora wáyà iná, họ́ọ̀sì tí a fi ń bomi rin ọgbà, ẹ̀wù òjò, kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí a ń tẹ́ sí yàrá, awọ àtọwọ́dá orí àga, ike títẹ́ orí tábìlì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣì ní DEHP lónìí o. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti yà sí DINP, tóun náà jẹ́ phthalate, tàbí àwọn mìíràn, ojú lásán ò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, kì í ṣe DEHP, àwọn nǹkan mìíràn tó tètè ń fẹ́ lọ nínú atẹ́gùn ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n tún dáàbò bo aláìṣẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kì í ṣe PVC. Polyethylene ni, ó rọ̀ fúnra rẹ̀, kò nílò epo tí wọ́n á fi rọ̀ ọ́. Ìgò omi àti ti mínírà, PET ni. Orúkọ rẹ̀ ní gígùn fara jọ phthalate, ìyẹn ló ń ṣi àwọn aláròkọ ojú íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà, àmọ́ wọn kì í fi DEHP rọ̀ ọ́. Mi ò ní kí ẹ máa sá omi sóòrùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀sùn tòní kì í ṣe tiwọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí àpò ẹ̀jẹ̀, torí ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà.

Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1950, inú ìgò ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí. Ìgò ń fọ́, afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, kòkòrò sì ń bá a wọlé. Dókítà Carl Walter àti William Murphy ní Amẹ́ríkà ló wá ṣe àpò oníke, àwọn ológun orílẹ̀-èdè wọn sì lò ó nígbà ogun Kòríà. Àpò yìí kò fọ́, ó ṣeé ká, ó sì ṣeé so mọ́ àpò mìíràn tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ti yí ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè fún omi ara rẹ̀ sí àpò kan, kí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣẹ́kù sí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lè tipa bẹ́ẹ̀ wúlò fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo ètò ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ tí a mọ̀ lónìí, orí ike rírọ̀ yìí ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Ní 1970, Rudolph Jaeger àti Robert Rubin ní Yunifásítì Johns Hopkins tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti ń da ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ eku kọjá, wọ́n ń lo rọ́bà PVC, wọ́n wá ń rí ohun àjèjì kan tí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀, tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ara ike ló ti ń wá. Wọ́n rí DEHP nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú àpò, wọ́n sì rí i nínú ẹran ara àwọn aláìsàn tó ti gba ẹ̀jẹ̀.

Ẹ ó rò pé ọdún kejì ni wọ́n máa yọ ọ́ kúrò. Wọn ò yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú àwọn ike mìíràn ní àwọn ọdún 1980, nǹkan kan yà wọ́n lẹ́nu: sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú àpò tí kò ní DEHP ń tètè bẹ́. Ara sẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀rá, DEHP tó ń jò láti ara ike sì ń wọ inú ọ̀rá yẹn, ó ń mú un lágbára. Àbùkù ike ti di oògùn ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ò gbà kí sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ nínú àpò ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ti Yúróòpù ní 0.8. DEHP wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n lè pa òfin yẹn mọ́ fún ọjọ́ 42 bí wọ́n bá fi omi ìpamọ́ tuntun kún ẹ̀jẹ̀ náà, tàbí ọjọ́ 35 nínú àpò tó ní omi ìpamọ́ CPDA-1 tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ dáadáa. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n bíi ti wa, ẹni tó bá sọ pé ká da irú àpò bẹ́ẹ̀ nù láìsí ìrọ́pò, kò tíì dúró rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ ní òru tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára aboyún.

Kí wá ni ewu rẹ̀? Bó bá ti wọ ara, ara máa ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ń jáde lára rẹ̀ ń jẹ́ MEHP, òun gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èyí tó pọ̀ jù ti bá ìtọ̀ jáde. Kì í ṣe irú oògùn apakòkòrò DDT tó ń gbé inú ọ̀rá ara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde lòmíràn ń wọlé.

Nínú eku, ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Bí wọ́n bá fún eku tó lóyún ní DEHP púpọ̀ lásìkò tí nǹkan ọkùnrin ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà, họ́móònù testosterone ọmọ náà á wálẹ̀. Kórópọ̀n lè má sọ̀ kalẹ̀, ojú ihò ìtọ̀ lè wà níbi tí kò yẹ, àlàfo tó wà láàárín ihò ìdí àti nǹkan ọkùnrin á kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú èèyàn, Shanna Swan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ la ojú ayé sí i ní 2005. Wọ́n wo ìtọ̀ tí àwọn ìyá tọ̀ nígbà oyún, wọ́n wá wọn ọmọkùnrin 85. Àwọn tí àwọn phthalate kan pọ̀ nínú ìtọ̀ ìyá wọn ni àlàfo yẹn kúrú lára wọn. Ní 2008 tí wọ́n fi iye ọmọ kún un, àwọn ẹ̀yà tí DEHP ń gé sí náà wọ inú àkójọ. Èmi ò ní sọ pé ọmọ 85 tó láti dá ẹjọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fetí sí i ni pé ọ̀nà kan náà ni eku àti èèyàn tọ̀.

Ti jẹjẹrẹ rúni lójú díẹ̀. Ní 1982, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé eku tó jẹ DEHP púpọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ ní kókó nínú ẹ̀dọ̀. Àjọ IARC tó ń rí sí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé wá fi í sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ní 2000 wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tó gbà ń ṣe ẹ̀dọ̀ eku kò rí bẹ́ẹ̀ nínú èèyàn. Ní 2011 wọ́n tún dá a padà sí 2B nítorí ẹ̀rí tuntun tó fi hàn pé ọ̀nà náà lè ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn onímọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lójú tèmi, ẹni tó ń yí ìdájọ́ padà nígbà tí ẹ̀rí yí padà sàn ju ẹni tó di tirẹ̀ mú gírígírí.

Iye tó ń wọlé ṣe kókó, ẹni tó ń wọ̀ lára sì ṣe kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù gbà pé èèyàn lè máa gba tó máíkírógíráàmù 50 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ lójúmọ́ láìséwu, bí wọ́n bá ka phthalate mẹ́rin pọ̀, tí DEHP wà lára wọn. Àgbàlagbà tó ń jẹun tirẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kì í sábà débẹ̀. Ọmọ tuntun ńkọ́, èyí tí a bí láìpé oṣù, tí okùn dírípù wọ apá, tí òmíràn wọ imú, tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ ọlọ́ràá gba inú rọ́bà? Kílógíráàmù kan àti díẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba púpọ̀púpọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn ní July 2002 pé kí wọ́n wá ohun èlò mìíràn fún ọmọkùnrin tuntun, fún aboyún tí oyún inú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, àti fún ọmọkùnrin tó ń bàlágà, pàápàá níbi pípààrọ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara àti ẹ̀rọ ECMO tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ jáde láti fi afẹ́fẹ́ sí i. Ìwé kan náà sọ pé bí kò bá sí ìrọ́pò, kí wọ́n má torí DEHP dá ìtọ́jú dúró.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni kíkà. Ara páálí ohun èlò, ẹ wá àmì tí wọ́n kọ PHT sí pẹ̀lú DEHP lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wà, DEHP wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ tuntun bá ní ibà pọ́njú tó le débi pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì pẹ́ nínú àpò ni ẹ ti ń bèèrè fún tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ṣàǹfààní níbí náà, torí ọjọ́ ló ń fi DEHP kún un. Oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ paclitaxel, omi tí wọ́n fi yò ó ń fa DEHP jáde lára PVC kíákíá, ìwé oògùn náà sì sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fi rọ́bà PVC fà á.

Ti òfin, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Yúróòpù ti kọ́kọ́ fòfin de phthalate nínú ohun ìṣeré tí ọmọ ń fi sẹ́nu ní 1999, ó sọ ọ́ di òfin tó dúró ní 2005: DEHP ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008. Ti ohun èlò ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣì ń fà, Yúróòpù fún un títí di July 2030. Ìpínlẹ̀ California ti ṣòfin pé kó kúrò nínú àpò dírípù ní 2030, kúrò nínú rọ́bà rẹ̀ ní 2035. Ṣùgbọ́n òfin Yúróòpù kì í bá ohun ìṣeré wọ ọjà Balógun. Ọmọ roba tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tí kò ní àmì, tí ó rọ̀ tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, èmi kì í rà á fún ọmọ tó ṣì ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu.

Ìta ilé ńkọ́? DEHP kì í fẹ́ràn omi, torí náà bó bá dé odò, ara ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ń jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé, ó lè pẹ́ gan-an. Ẹja ń gé e sí wẹ́wẹ́ bíi tiwa, kì í sì í pọ̀ sí i láti ara ẹja kékeré dé ara ẹja ńlá. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a lọ́dọ̀ wa o. Ní 1993 ni O. S. Fatoki àti A. O. Ogunfowokan ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ti tẹ ìwádìí jáde lórí phthalate nínú omi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìlú ò sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni wáyà sísun. Àwọn ọmọ wa ń kó wáyà àlòkù jọ, wọ́n ń dáná sun ún kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Agbogbloshie ní Accra. Bí PVC bá ń jó, ásíìdì hydrochloric ń bá èéfín jáde, epo inú ike ń di èéfín dúdú, bàbà gbígbóná yẹn sì ń ran májèlé kan tó ń jẹ́ dioxin lọ́wọ́ láti dá sílẹ̀. Dioxin burú ju DEHP lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ bó wáyà á pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ bàbà rẹ̀ á mọ́, owó rẹ̀ ò sì ní dín.

Inú ilé, eruku ló ń kó o. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sweden, tó jáde ní 2004, rí i pé DEHP pọ̀ nínú eruku yàrá àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Ìyẹn ò fi hàn pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n aṣọ tútù tí a fi nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ kò ná wa ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Taiwan, kí ẹ lè rí ohun tí ojúkòkòrò ń fi epo yìí ṣe. Ní 2011, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò fún ìjọba ibẹ̀ ń yẹ ìyẹ̀fun kan wò, oògùn tí wọ́n lè ti fi pa mọ́ sínú rẹ̀ ló ń wá. Ó rí DEHP. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tó ń mú kí omi èso rú kí ó lè dà bí ojúlówó. Òróró ọ̀pẹ àti oje igi ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é. DEHP ni wọ́n fi rọ́pò òróró ọ̀pẹ, torí pé ó dín owó, kì í sì í bàjẹ́. Omi èso, ohun mímu àwọn eléré ìdárayá, jáàmù, oògùn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ. Wọ́n rán ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà lẹ́wọ̀n. Kì í ṣe ike ló jò nínú ọ̀rọ̀ yẹn o.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ sínú bébà, mo ti kà wọ́n. Ẹnì kan ní ṣé àwọn ìrọ́pò rẹ̀ dára. DINCH, TOTM àti BTHC ni a ń gbọ́ jù níbi ohun èlò ìwòsàn. TOTM tóbi ní mólékù, kì í tètè jò. BTHC wà nínú àpò ẹ̀jẹ̀ kan, ó sì ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì pupa náà. Ìwádìí lórí wọn kò tíì pọ̀ tó ti DEHP, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n wọ́n ju ú lọ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta epo pupa. Ó ní ṣé kẹ́ẹ̀gì òun léwu. Rárá, màmá, kẹ́ẹ̀gì líle yẹn kì í ṣe PVC. Họ́ọ̀sì rírọ̀ tó ń dán tí ẹ fi ń fa epo gbígbóná láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ bojú wò. Epo ni, gbígbóná ni, ike rírọ̀ ni. Yúróòpù ò gbà kí ike tó ní DEHP kan oúnjẹ ọlọ́ràá rárá. Ẹ jẹ́ kí epo tutù, kí ẹ fi agolo bù ú, kí ẹ sì fi àrọ onírin dà á.